Bí Ọwọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Ń Di Ọwọ́ Dókítà Eyín

Ẹni tí ó bá dúró ní ẹsẹ̀ òkè Màpó ní kùtùkùtù òwúrọ̀, tí ó kọjú sí Ọjà Ọba, èyí tí àwọn àgbàlagbà mìíràn ní Ìbàdàn ṣì ń pè ní Ọjà Ìbà ní ìrántí Ìbà Olúyọ̀lé, yóò rí i pé kí oòrùn tó ran ara ni àwọn obìnrin tí ń ta orin ti tẹ́ ọjà tiwọn sílẹ̀: orin àtá tí í máa ta ènìyàn lẹ́nu bí ata, pákò Ìjẹ̀bú tí ó korò tí ó sì ń mú eyín funfun bí ẹfun, àti oríṣiríṣi igi mìíràn tí a gé ní ìwọ̀n ìka, tí a sì dì ní ìdì-ìdì. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé Yorùbá kò ka eyín sí. Èjí tí ó là dáradára láàárín eyín iwájú ni a fi ń yin arẹwà. Ọmọ tí eyín àkọ́hù rẹ̀ bá yọ, a ní kí ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ọn kí ó sì jù ú sí orí òrùlé kí aláǹgbá má baà rí i. Bí tọkọtaya bá sì ń bá ara wọn jà, ọ̀rọ̀ ahọ́n àti eyín ni a fi ń pẹ̀tù sí wọn nínú. Ṣùgbọ́n orin kì í wo àkokoro sàn. Bí kòkòrò bá ti lu eyín títí tí ó fi kan ẹran inú rẹ̀, obìnrin kan náà tí ó ń ta orin ní òwúrọ̀ lè di ẹni tí ń fi ọwọ́ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ọ̀sán, kí ó máa fi ògógóró ṣan ẹnu, kí ó máa fi èèpo igi há ibi tí ó ń dùn ún, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú, tí abẹ́ àgbọ̀n yóò sì máa le, tí itọ́ kò ní ṣeé gbé mì mọ́. Ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ di ti dókítà eyín. Bí a ṣe ń tọ́ ẹni tí yóò dúró níwájú obìnrin yẹn, tí yóò tan ìmọ́lẹ̀ sí i lẹ́nu, tí yóò sì mọ ohun tí ó yẹ kí òun kọ́kọ́ ṣe, ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó rò pé iṣẹ́ náà kò ju kí ènìyàn ní ẹ̀mú àti agbára apá lọ.

Ní ayé àtijọ́, iṣẹ́ eyín kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn. Bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ti ń fẹ́ ewìrì fún ọ̀gá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó ṣe fíríìdọ̀ọ̀mù fún un, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tí ó fẹ́ máa yọ eyín ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé ọ̀gá kan kiri, títí di ọdún 1840 tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ ti eyín nìkan sílẹ̀ ní ìlú Baltimore, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ayé. Ní ilẹ̀ wa níbí, Yunifásítì Èkó ni ó ṣíwájú ní ọdún 1966. Ìbàdàn Mẹsí Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970, inú ọgbà UCH ni wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ náà sí, ilé ìwòsàn ńlá tí a ṣí ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1957. Kí UCH tó wà, ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ ní Yemẹ́tù, tí kò jìnnà sí Bẹẹrẹ, ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ọmọ ìṣègùn ní ẹ̀kọ́ ẹ̀bá ibùsùn. Nítorí náà ó ti pẹ́ tí àárín ìlú Ìbàdàn ti ń tọ́ ọmọ ìṣègùn dàgbà. Ara àwọn ìyá wa àti àwọn bàbá wa ni wọ́n fi mọ iṣẹ́, ó sì yẹ kí a máa sọ ọ́ jáde, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ náà ń gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọmọ tí yóò di dókítà eyín àti ọmọ tí yóò di dókítà gbogbo ara jọ ń jókòó sí yàrá kan náà ni: wọ́n jọ ń tú ara òkú wò, wọ́n jọ ń kọ́ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn àti bí iṣan ti ń ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni oníṣẹ́ eyín fẹ́ fi kíndìnrín ṣe, kí ó rántí pé ẹnu ni ẹnu-ọ̀nà ara, ohun tí ó bá sì ń ṣẹlẹ̀ ní ìyẹ̀wù kì í pẹ́ hàn ní ẹnu-ọ̀nà. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, èrìgì rẹ̀ lè máa wú, ó sì lè máa ṣẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tí a kò wọ̀n ọ́n kí a tó ki ẹ̀mú bọ̀ ọ́ lẹ́nu, a ti fi ọwọ́ ara wa pe wàhálà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n yóò mú akẹ́kọ̀ọ́ wọ yàrá kan tí orí àtọwọ́dá pọ̀ sí, orí tí a dè mọ́ tábìlì, tí ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rọ́bà àti eyín oníke. Níbẹ̀ ni yóò ti máa fi ẹ̀rọ tí ń yí bí òòyì gbẹ́ ihò, tí yóò máa dí i, tí yóò sì tún máa gbẹ́ òmíràn, títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi tí eyín le àti ibi tí ó ti rà, láì jẹ́ pé ojú ni ó sọ fún un. Eyín gidi tí a ti yọ lẹ́nu ènìyàn náà kì í ṣòfò: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa tọrọ rẹ̀, wọn a fi oògùn apakòkòrò pa á mọ́ sínú ìgò, wọn a sì gbìn ín sínú ohun funfun tí ń gan bí símẹ́ǹtì kí wọ́n tó fi kọ́ṣẹ́. Eyín tí ìyá kan fi ìbínú sọ nù ti di olùkọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n orí àtọwọ́dá kì í dá itọ́, kì í ju ahọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún, kì í sì í di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú kí ó bèèrè pé, “Ṣé kò ní dùn mí ṣá, ọmọ mi?”

Bí ó bá kúrò lọ́dọ̀ orí àtọwọ́dá, ìgbà náà ni a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in káàkiri ẹ̀ka: ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n, ẹ̀ka tí ń dí eyín tí ó sì ń ṣe eyín àtọwọ́dá, ẹ̀ka èrìgì àti ìlera eyín ará ìlú, àti ẹ̀ka eyín ọmọdé. Ìwé kan yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a kọ iye iṣẹ́ sí, iye eyín tí yóò yọ, iye tí yóò dí, iye ẹnu tí yóò fọ̀ mọ́, olùkọ́ yóò sì máa fọwọ́ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń ṣe é. Bí iye náà kò bá pé, kò ní jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá. Mo fara mọ́ ìwé yìí, nítorí a kì í fi ẹnu mọ iṣẹ́ ọwọ́, ẹni tí kò bá sì yọ eyín rí, kí ó má ṣe wá fi tèmi bẹ̀rẹ̀ níbi tí olùkọ́ kò sí. Síbẹ̀ ó ní ewu tirẹ̀, àwọn olùkọ́ fúnra wọn sì mọ̀ ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tí eyín dídí ló kù nínú ìwé rẹ̀ yóò máa fi ojú wá eyín tí ó ṣeé dí nínú gbogbo ẹnu tí ó bá ṣí, èyí tí ó yẹ ní yíyọ yóò sì di ti ẹlòmíràn. Ẹni tí ó bá ní ìṣòro márùn-ún lẹ́nu yóò kan ilẹ̀kùn márùn-ún, yóò jókòó sórí bẹ́ńṣì márùn-ún, yóò sọ ìtàn kan náà fún ọmọ márùn-ún. A pín ẹnu kan bí ẹni pín ẹran iléyá.

Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín gbogbogbòò ni a fi ń tún èyí ṣe, òun ni mo sì gbà pé ó jẹ́ ọkàn gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù. Nínú rẹ̀, a ó fi aláìsàn kan lé akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀, láti ọjọ́ ìkíni títí di ọjọ́ tí kò ní sí ohun tí ó ń dùn ún mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ni yóò to iṣẹ́: ìrora ni a ń kọ́kọ́ pa, lẹ́yìn náà ni a ó lé ọyún àti wíwú lọ, a ó wá fọ ìdọ̀tí tí ó ti gan mọ́ ìdí eyín, a ó dí èyí tí ó ṣeé gbàlà, kí a tó wá ronú pé irú eyín àtọwọ́dá wo ni a ó fi dí àlàfo. Ẹni tí ó bá yí ètò yìí padà, tí ó ń ṣe eyín àtọwọ́dá dáradára sí ẹnu tí èrìgì rẹ̀ ń jẹrà, ilé ni ó ń kọ́ sórí ìyẹ̀pẹ̀. Yóò sì máa rí ẹni kan náà léraléra, yóò mọ̀ bóyá ohun tí òun dí ní oṣù tí ó kọjá ṣì wà níbẹ̀ tàbí ó ti ṣí. Nǹkan méjì kò sí tí ń kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n bíi kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ padà wá bá a.

Irú ẹ̀kọ́ yìí kì í dùn nínú ilé ìwòsàn ńlá nìkan, nítorí àwọn tí ó ń dé ibẹ̀ ti fara gbọgbẹ́ púpọ̀ kí wọ́n tó gbéra. Ìdí nìyí tí ẹ̀ka ìlera eyín ará ìlú ní UCH fi ní ilé ìtọ́jú eyín kan ní Ìdíkàn, láàárín agboolé àtijọ́, níbi tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn dé láì wọ takisí. Ìdí kan náà ni Yunifásítì fi mú ẹ̀kọ́ lọ sí Ìgbò-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá láti ọdún 1963, kí àwọn ọmọ tí yóò ṣe ìṣègùn lè gbé láàárín àgbẹ̀, kí wọ́n rí omi tí wọ́n ń mu àti oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ní irú ibi báyìí, kò sí nínú ìwé: ọmọ ọdún mẹ́fà tí eyín ẹ̀yìn rẹ̀, àkọ́kọ́ nínú àwọn tí kì í yọ mọ́, ti luhò nítorí ìyá rò pé ti àkọ́hù ni, pé òmíràn ń bọ̀, bàbá tí ó fi ọdún méjì jẹ ẹ̀bà ní apá kan ẹnu, ìyàwó ilé tí ó ní oyún, tí wọ́n sọ fún un pé aboyún kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan eyín òun.

Gbígbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, ṣáájú ẹ̀mú àti ṣáájú abẹ́rẹ́. Nínú ìwé òyìnbó, ìrora eyín ní orúkọ gígùn-gígùn; ìyá tí ó ti Ọjà Ọba wá kò mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ó ní èdè tirẹ̀ tí ó péye ju bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti rò lọ. Bí ó bá ní, “Eyín ń kan mí,” tí ó sì jẹ́ pé ìgbà tí ó mu omi tútù tàbí tí ó fá ọsàn ni, ó ṣeé ṣe kí èèpo eyín ti jẹ, tàbí kí èrìgì ti sún kúrò lórí gbòǹgbò, a sì lè tọ́jú rẹ̀ láì yọ ọ́. Bí ó bá ní, “Ó ń ta mí, ó ń ta mí dé etí,” tí títa náà kò sì lọ bọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí omi tútù ti kúrò lẹ́nu, àkokoro ti wọ ẹran inú eyín. Bí ó bá wá ní, “Ó ń sọ mí, n kò lè fi eyín kan eyín, n kò fojú ba oorun láti àná,” ọyún ti ń gbá jọ sí ìdí gbòǹgbò. Kíkan, títa, sísọ: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́ ìyàtọ̀ àárín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti mọ ìdajì àìsàn náà kí ó tó tan iná. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí ọmọ Yorùbá tí a bí ní Ìbàdàn, tí ó ní kí nọ́ọ̀sì bá òun túmọ̀ “ó ń sọ mí,” nígbà tí ọmọ Ìdomà tí ó jókòó tì í ti kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan nínú àpò rẹ̀.

Mo tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọ̀nà Béyerúnká, lọ sí ilé ìtọ́jú kan nígbà kan. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ni ó gbà wá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú ìrọ́jú,” ó sì jókòó kí ojú òun àti ti ìyá lè dọ́gba. Ó bi í léèrè, ó fi ìdí dígí kékeré kan eyín náà pẹ́pẹ́, ìyá sì ta kìjí. Eyín kò ṣeé gbàlà mọ́. Mo rí i pé ara ọmọ náà ti ń yá gágá, nítorí, gẹ́gẹ́ bí a ti gbọ́ lẹ́yìn náà, eyín yíyọ kan péré ni ó kù nínú ìwé rẹ̀. Olùkọ́ rẹ̀, tí ó dúró lẹ́yìn láì sọ̀rọ̀ títí di ìgbà náà, béèrè pé kí ni ẹ̀rọ tí ń wọn ìfúnpá wí. Ó wí 190 lórí 110. Ọmọ náà wo olùkọ́, ó wo ìwé rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀mú padà sínú àwo. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi bínú: “Èmi kò tìtorí ẹ̀jẹ̀ ríru wá, eyín ni mo gbé wá.” Ọmọ náà dáhùn wẹ́rẹ́ pé, “Màmá, ẹ̀yin ni ẹ gbé eyín wá, a kò fẹ́ kí eyín gbé yín lọ.” Ó fún un ní oògùn tí yóò pa ìrora àti èyí tí yóò lé ọyún, ó kọ lẹ́tà sí dókítà tí yóò wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì tẹ̀ lé wa dé ẹnu-ọ̀nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí olùkọ́ yẹn béèrè ni ó kọ́ ọmọ náà ní ohun tí iye inú ìwé kò lè kọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni a padà lọ, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Eyín ìsàlẹ̀ ní apá ọ̀tún ni, nítorí náà ẹ̀yìn orí ìyá ni ọmọ náà dúró sí. Ó gún abẹ́rẹ́ tí ń pa ibẹ̀ kú sí ẹ̀yìn àgbọ̀n, ó dúró, ó ń bá a sọ̀rọ̀ nípa owó èlùbọ́, títí ètè àti ahọ́n apá kan fi wúwo. Mo ti rò pé yóò fà á bí ẹni fa ẹ̀gẹ́. Kò fà á rárá. Ó ti ẹnu ẹ̀mú wọ abẹ́ èrìgì títí ó fi gba gbòǹgbò mú, ó tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì í síta, sínú, síta, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí ń mi òpó tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀, tí ó sì fi ọwọ́ òsì gbá àgbọ̀n ìyá mú kí ó má baà yẹ̀. Òógùn bọ́ sí i níwájú orí. Olùkọ́ na ọwọ́ kan, ó yí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, kò sì sọ nǹkan kan. Ní mímì kejì lẹ́yìn èyí ni eyín náà jáde. Ó fi òwú sí ojú rẹ̀, ó ní kí ìyá dì í mú fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó má tu itọ́, kí ó má sì ṣan ẹnu títí di ọjọ́ kejì, kí ó wá máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ oníyọ̀ ṣan án. Ìgbà náà ni olùkọ́ gba ìwé, tí ó sì fọwọ́ sí i.

Bí ìwé bá ti pé, tí ìdánwò sì ti kọjá, ọdún kan gbáko ni ó ṣì kù tí dókítà tuntun yóò fi ṣe iṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, èyí tí wọ́n ń pè ní house job, kí ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso àwọn dókítà ní Nàìjíríà tó fún un ní ìwé àṣẹ kíkún, lẹ́yìn náà ni yóò lọ ṣe àgùnbánirọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, pẹ̀lú gbogbo ọrọ̀ rẹ̀, ti sọ ọ́ di dandan láti ọdún 1993 pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ eyín fún ìjọba níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lo ọdún kan lọ́dọ̀ ọ̀gá ní ilé ìtọ́jú gbogbogbòò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè; níbi gbogbo ni wọ́n ti mọ èyí.

Ohun méjì ni ẹ̀kọ́ yìí kò lè rí rà lọ́jà. Àkọ́kọ́ ni iná tí kì í kú, nítorí àga eyín, ẹ̀rọ tí ń gbẹ́ ihò àti èyí tí ń se irin iṣẹ́ kí àrùn má baà ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu kejì, iná ni gbogbo wọn ń jẹ. Ìjọba tí ó bá ń fi owó kọ́ ilé ìtọ́jú láàárín ìlú tí kò fi iná sí i, ó ti kọ́ àká láì fi àgbàdo sí i. Èkejì ni àwa fúnra wa. Mo gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ ní Ọjà Ọba pé àwọn kò jẹ́ kí ọmọ ilé ìwé fi àwọn kọ́ṣẹ́, mo sì mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wá. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: níbo ni olùkọ́ rẹ̀ wà? Bí olùkọ́ kò bá sí nítòsí, ẹ dìde kí ẹ máa lọ, ẹ̀tọ́ yín ni. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ọmọ náà sì ti kí yín, tí ó ti wọn ìfúnpá yín, tí ó sì ti tọrọ àyè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ya ẹnu fún un.